Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀bẹ Kékeré Ilẹ̀ Japan fún Ilé Ìdáná

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Japan lóde òní, ìbáà jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i tàbí pé ẹbí kan tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló ní òun yóò bá a rà á wá sí Adó-Èkìtì, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá ọ̀rọ̀ tí kò yé e pàdé. Wọ́n kọ VG-10 sára ọ̀kan, wọ́n kọ Shirogami sára òmíràn. Wọ́n ní líle ọ̀kan jẹ́ 60, ti èkejì 63. Ọ̀kan ní àwòrán ìgbì omi lára, èkejì sì dúdú láti ẹ̀yìn títí dé ibi tó sún mọ́ ẹnu. Iye owó wọn kò sì sún mọ́ ara wọn rárá. Síbẹ̀, bí a bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró lé: líle tó ń jẹ́ kí ọ̀bẹ yìí mú fún ìgbà pípẹ́ náà ni líle tó ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fọ́. Nítorí náà, ọ̀bẹ tó yẹ ilé kan ni èyí tí líle rẹ̀ bá ohun tí wọ́n ń gé níbẹ̀ mu, tó sì bá ọwọ́ tí yóò máa pọ́n ọn mu pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọ̀bẹ yìí wà fún. Nílé ìdáná Èkìtì, iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí a ń fi ọ̀bẹ ṣe ni iṣu bíbẹ, nítorí pé iyán kì í wọ́n nílé wa. Iṣu tí a sì fi ń gún un ní èèpo tó nípọn, tí erùpẹ̀ àti iyanrìn lẹ̀ mọ́. Ọ̀bẹ kékeré ilẹ̀ Japan kì í ṣe ọ̀bẹ iṣu. Mo tètè ń sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá rà á pẹ̀lú èrò pé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ iṣu tó ti wà nílé yóò bà á jẹ́ láìpẹ́: iyanrìn ara èèpo yóò jẹ ẹnu rẹ̀, ọwọ́ tí a sì fi ń yí ọ̀bẹ nígbà tí a bá ń la iṣu yóò fọ́ ọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ilá rírẹ́, alùbọ́sà gígé wẹ́wẹ́, ata rodo tí a fẹ́ yọ hóró inú rẹ̀, ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ rẹ́ tínrín, ọsàn bíbó, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ-òyìnbó lẹ́yìn tí a bá ti fi ọ̀bẹ ńlá gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, àti ọ̀rá tí a fẹ́ yọ lára ẹran tí kò ní eegun.

Orúkọ méjì ni àwọn tó ń tà á máa ń lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní paring sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 75 sí 90 ní gígùn ẹnu, ó sì wà fún ohun tí a dì mú lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní petty sábà máa ń wà láàárín 120 sí 150, ó gùn tó láti gé alùbọ́sà ńlá kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí pátákó. Bí a ṣe ń gé nǹkan nílé ló yẹ kó pinnu èyí tí a ó rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa kì í lo pátákó rárá: ọwọ́ òsì á di ilá mú, ọwọ́ ọ̀tún á fi ọ̀bẹ là á lórí ní ìbú àti ní òòró, lẹ́yìn náà ni wọn á máa rẹ́ ẹ sínú abọ́, tí ẹnu ọ̀bẹ á sì máa wá pàdé àtàǹpàkò ní gbogbo ìgbà. Bákan náà ni wọ́n ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Wọn á ká a jọ, wọn á fún un mọ́ ọwọ́, wọn á sì máa rẹ́ ẹ láti etí wá. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ mìlímítà 150 ti gùn jù, nítorí pé ṣóńṣó rẹ̀ yóò máa wà níbi tí ojú kò sí. Ẹni tó ń gé nǹkan lọ́wọ́, kí ó ra èyí tó wà láàárín 80 àti 90. Ẹni tó ń lo pátákó, tàbí tó ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí ó ra 120. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ilé kan lè rà, 120 ni èmi yóò sọ pé kí wọ́n rà, kí wọ́n sì fi pátákó kún un.

Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ọ̀bẹ tí a ń rà ní Ọjà Ọba kì í sábà mú tó bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò tó ti mọ́ ọn lára sì ń gbà á láìfarapa. Ọ̀bẹ Japan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n yóò wọlé kí ẹni tó mú un tó mọ̀ pé ó ti kan awọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀bẹ tí kò mú fún ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ náà kọ́, pàápàá àgbàlagbà tó ń rẹ́ ilá láìwo ibi tí ọ̀bẹ ń lọ. Ẹ má ṣe gbé e lé ìyá àgbà lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ irin ló wá kàn, òun ló sì gùn jù. Ní Èkìtì tí Ìrè wà, ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ Ògún, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ irin ṣàjèjì sí wa. Alágbẹ̀dẹ tó ń fi síprìngì mọ́tò rọ àdá mọ̀ pé irin tí a bá fi iná sun títí tó fi pọ́n, tí a sì rì bọ inú omi tàbí òróró lójijì, yóò le gan-an. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kíkán ni yóò kán lọ́jọ́ tó bá kan òkúta, nítorí náà yóò tún fi ooru díẹ̀ dẹ̀ ẹ́. Kábọ́ọ̀nù, èròjà kan tó wà nínú èédú pẹ̀lú, ló ń jẹ́ kí irin lè gba líle yìí. Irin tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kéré jù kò ní le, bó ti wù kí a rì í sómi tó. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ Japan ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù inú irin tiwọn pọ̀, ó máa ń tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kì í sì í dẹ irin náà púpọ̀ kí wọ́n tó dá ọwọ́ dúró, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó máa lò ó kò ní fi gé eegun.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn líle yìí ni Rockwell, òun sì ni HRC tí a ń rí lára páálí ọ̀bẹ. Wọn á ti ṣóńṣó dáyámọ́ńdì mọ́ irin, wọn á sì wo bí ó ṣe wọlé tó. Ọ̀bẹ ilẹ̀ Jámánì tó dára sábà máa ń wà láàárín 55 sí 58. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Japan wà láàárín 59 sí 63, àwọn kan sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n lójú iṣẹ́ ó hàn gbangba. Ẹnu ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ rọ̀ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá ti ń lò ó; bí a bá sì fà á gba ara ọ̀pá irin tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀bẹ, yóò tún nà padà. Ẹnu èyí tó le kì í tètè tẹ̀, nítorí náà wọ́n lè pọ́n ọn tínrín, ní nǹkan bí dígírì 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ti Jámánì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 20. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ Japan fi ń wọ inú tòmátì láìtẹ̀ ẹ́, tí alùbọ́sà tí a fi í gé kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ta sójú, torí pé ó ń gé e láìrún un. Àmọ́ irin tó le báyìí dà bí àwo tánganran: kì í tẹ̀, fífọ́ ló mọ̀. Bí ó bá kan eegun, ẹran tó ṣì dì gbagidi láti inú fíríjì, hóró máńgòrò, tàbí etí abọ́ irin, ẹnu rẹ̀ yóò ya kéékèèké, wọn yóò sì hàn bí eyín ayùn bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Fún ìdí yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí nọ́ńbà HRC bá ṣe ga tó ni ọ̀bẹ ṣe dára tó. Fún ilé tí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ ilé ìdáná, 60 tàbí 61 ti tó. Èyí tó wà ní 63 tàbí 64 yẹ ẹni tó mọ̀ pé òun nìkan ni yóò máa lò ó, tó sì mọ ọ̀bẹ pọ́n dáadáa, nítorí pé irin tó le bẹ́ẹ̀ kì í yára gbọ́ ti òkúta.

Ohun kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí, tó sì ṣe pàtàkì tó líle irin, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ. Ohun náà ni bí ara ọ̀bẹ ṣe nípọn tó ní òkè ẹnu rẹ̀. Ọ̀bẹ méjì lè jẹ́ irin kan náà, kí wọ́n sì pọ́n wọn bákan náà, kí ọ̀kan máa gé kárọ́ọ̀tì wọ̀ọ̀ láìsí ìjàngbọ̀n, kí èkejì sì máa là á bí ẹni ń la igi, torí pé ara rẹ̀ tó nípọn ló ń ti kárọ́ọ̀tì náà ya sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ kékeré tó dára kì í sábà nípọn ju mìlímítà méjì lọ nítòsí èèkù, ó sì yẹ kó máa tínrín sí i bó ti ń lọ sí ṣóńṣó àti bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti mú un lọ́wọ́ kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó láti ṣóńṣó wá sí èèkù: yóò hàn bóyá ó tọ́ tàbí ó wọ́, àti bóyá ó nípọn jù. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ wá àwòrán tí wọ́n yà láti ọ̀gangan ẹ̀yìn rẹ̀. Olùtajà tí kò fi irú rẹ̀ hàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni ti ìdógùn-ún, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yan èyí tí kò yẹ wọ́n. Oríṣi irin méjì ló wà. Èkíní ni irin kábọ́ọ̀nù, tí kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀ ju irin àti kábọ́ọ̀nù lọ. Shirogami àti Aogami ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Àwọ̀ bébà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n fi ń dì wọ́n, funfun àti búlúù, ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, kì í ṣe àwọ̀ irin náà. Aogami ní tungsten àti kírómíọ̀mù díẹ̀ nínú, tí wọ́n jẹ́ mẹ́táàlì mìíràn méjì, èyí tó ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i. Èkejì ni irin tí wọ́n fi kírómíọ̀mù púpọ̀ sí, ó kéré tán nǹkan bí ìdá 11 tàbí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó má baà tètè dógùn-ún. VG-10, tí ilé iṣẹ́ Takefu ní agbègbè Fukui ń ṣe, wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀bẹ Japan. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan, kírómíọ̀mù rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. AUS-8, AUS-10 àti Ginsan náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní SG2 tàbí R2 jẹ́ irin tí wọ́n kọ́kọ́ sọ di ìyẹ̀fun kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n le gan-an, owó wọn sì ga.

Àwọn tó fẹ́ràn irin kábọ́ọ̀nù máa ń yìn ín pé ó rọrùn láti pọ́n, pé ó sì ń mú ju èkejì lọ. Òótọ́ ni pé ó rọrùn láti pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń gé nílé. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n máa ń sọ irin kábọ́ọ̀nù di dúdú lójú ẹsẹ̀, irin náà á sì kun ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà padà. Ọsàn, ọ̀pẹ-òyìnbó àti tòmátì kíkan ń jẹ ẹ́. Alùbọ́sà tí a fi ọ̀bẹ kábọ́ọ̀nù tuntun gé lè yí àwọ̀ padà, kí ó sì máa rùn bí irin. Lákòókò òjò, tí ògiri pàápàá ń làágùn, ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ nínú omi nígbà tí a jókòó jẹun lè ti dógùn-ún kí a tó jẹun tán. Lóòótọ́, bí a bá ń nù ún gbẹ dáadáa, àwọ̀ eérú tàbí búlúù kan yóò bò ó díẹ̀díẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìdógùn-ún, tó tilẹ̀ ń dáàbò bò ó. Èyí tó pupa ni ọ̀tá. Àmọ́ ilé mélòó ni ẹni tó gé ilá kẹ́yìn ti ń dúró nu ọ̀bẹ kó tó gbé ọbẹ̀ kaná? Lójú tèmi, irin tí kì í tètè dógùn-ún ló yẹ kí ilé tó bá ń ra ọ̀bẹ Japan fún ìgbà àkọ́kọ́ rà. Kí wọ́n má sì tìtorí orúkọ yìí rò pé kò lè dógùn-ún rárá. Bí iyọ̀ àti omi bá pẹ́ lára rẹ̀, òun náà á ní àpá.

Àwòrán ìgbì omi tó wà lára àwọn kan nìyí: nǹkan ẹ̀ṣọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ Japan jẹ́ irin mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, èyí tó le wà láàárín, àwọn méjì tó rọ̀ sì bò ó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó má baà tètè kán. Èyí tó wà láàárín nìkan ló ń gé nǹkan. Nínú àwọn tó ní àwòrán, irin ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ká lọ́pọ̀ ìgbà kí ó lè ní ìlà. Ọ̀bẹ VG-10 tí kò ní àwòrán àti VG-10 tó ní àwòrán lè gé nǹkan bákan náà gẹ́lẹ́, kí owó èkejì sì fi púpọ̀ ju ti èkíní lọ. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé àwòrán yìí ń fa ojú, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ ọ́ sára irin lásán. Bí àwòrán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì bá rí bákan náà láìsí ìyàtọ̀, ẹ fura. Èyí tó dúdú jẹ́ ọ̀bẹ tí wọn kò ha dúdú iná alágbẹ̀dẹ kúrò lára rẹ̀, kò sì burú. Àwọn ibi kòtò kéékèèké tó dà bí ojú òòlù, tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí oúnjẹ má lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lára ọ̀bẹ tó kéré báyìí.

Kí ẹ rí i dájú pé ọ̀bẹ náà pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn kan wà tí wọ́n pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn alásè tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Japan ló wà fún, ó máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, èyí tó wọ́pọ̀ kò sì wúlò fún ọlọ́wọ́ òsì.

Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní ìlú Sakai lẹ́bàá Osaka, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn láti ìgbà pípẹ́: ẹnì kan ló ń rọ irin, ẹlòmíràn ló ń pọ́n ọn, ẹnì kẹta ló sì ń fi èèkù sí i. Èèkù ilẹ̀ wọn jẹ́ igi fúyẹ́, ó yípo tàbí ó ní ìhà mẹ́jọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ìdí ọ̀bẹ bọ̀. Èèkù irú ti òyìnbó ní pákó méjì tí wọ́n fi ìṣó irin kàn mọ́ ìdí ọ̀bẹ. Èyí tí ọwọ́ bá fẹ́ ni kí a rà, àmọ́ igi tí wọn kò kùn máa ń fa omi, kò sì yẹ ilé tí wọ́n ti máa ń rẹ àwo sínú omi di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ìka wo ibi tí irin àti èèkù ti pàdé; kò yẹ kí àlàfo wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí àti omi ń sá pamọ́ sí.

Ní ti ibi tí ọ̀bẹ ti wá, Sakai, Seki ní agbègbè Gifu, Tsubame àti Sanjo ní Niigata, àti Echizen ní Fukui ni àwọn ìlú tí orúkọ wọn tó gbọ́. Seki ti ń rọ idà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ìjọba Japan tó fòfin de idà gbígbé kiri ní 1876, tí ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ idà sì fi ọwọ́ wọn sí ọ̀bẹ àti àwọn irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀bẹ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé irin Japan ni wọ́n fi ṣe é. Ó lè jẹ́ òótọ́, kí wọ́n sì ṣe ọ̀bẹ náà ní ibòmíràn. Ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó ní orúkọ Japan àti lẹ́tà Japan lára, tí kò sì sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ irin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó fi irin gidi ṣe ọ̀bẹ kì í fi orúkọ irin náà pamọ́. Tojiro láti Tsubame, Misono àti Kai láti Seki, àti Mac jẹ́ orúkọ tí ọ̀bẹ wọn ti pẹ́ lọ́jà. Global, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1985, jẹ́ irin láti ṣóńṣó dé ìdí èèkù. Líle tirẹ̀ wà láàárín 56 sí 58, tó sún mọ́ ti Jámánì, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ Japan ló le ju ti òyìnbó lọ. Kò burú fún ilé tí ọ̀bẹ ti máa ń jábọ́.

Ẹni tó bá ra ọ̀bẹ yìí láìra òkúta tí yóò fi pọ́n ọn ti ra ìdajì ọjà. Bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ ládùúgbò, lára àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tàbí lábẹ́ àwo, yóò ya ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí, tí iná ń fò lára rẹ̀, tí àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri ń lò, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ooru rẹ̀ lè dẹ irin ẹnu ọ̀bẹ ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé ooru díẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi dẹ irin náà nígbà tó ń ṣe é, ooru tó bá sì ju ìyẹn lọ yóò gba líle rẹ̀ dànù. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ ní ẹnu, irin ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ náà ń ya ẹnu irin tó le, ọ̀pá irin tó ní ìlà lára kò sì yẹ ẹ́.

Òkúta tí a nílò ni èyí tí wọ́n kọ 1000 sí lára, nọ́ńbà tó ń sọ bí òkúta náà ṣe kúnná tó. Bí owó bá tó, kí a fi èyí tó jẹ́ 3000 sí 6000 kún un, ṣùgbọ́n 1000 nìkan lè gbé ilé kan ró. A ó rẹ ẹ́ sínú omi títí tí èéhó kò fi yọ lára rẹ̀ mọ́, bí olùṣe rẹ̀ bá ní ká rẹ ẹ́, torí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé wíwọ́n omi lé wọn ti tó. A ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lórí rẹ̀, a ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí ara ọ̀bẹ bá ga tó mìlímítà 25 láti ẹnu dé ẹ̀yìn, bí ọ̀pọ̀ petty ṣe rí, kí ẹ̀yìn náà fi nǹkan bí mìlímítà 6 tàbí 7 jìnnà sí òkúta. Ibẹ̀ ni dígírì 15 wà. A ó máa fà á lọ fà á bọ̀ láìyí ìgbéga yìí padà, títí tí a ó fi fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì tí a ó sì rí i pé irin tínrín kan ti yọ sódì láti ìdí dé ṣóńṣó. Irin tínrín yẹn ló ń sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ti tó. Bí kò bá tíì yọ, iṣẹ́ kò tíì parí, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a ó yí i, a ó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó sì wá fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fà á ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí irin tínrín náà lè já dànù. Òkúta náà máa ń jẹ láàárín. Bí ó bá ti ní kòtò, a ó tẹ́ bébà yanrìn sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a ó sì ha á títí tí yóò fi tẹ́ padà.

Ìtọ́jú rẹ̀ tó kù kò pọ̀. Pátákó igi tàbí ike rírọ̀ ni ká gé nǹkan lé, kì í ṣe tírè irin, dígí tàbí máábù. Kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ ni ká fi fọ̀ ọ́, kí ó má kan kàn-ìn-kàn-ìn oníwáyà, iyanrìn tàbí eérú, ká sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ká má ṣe jù ú sínú ife tí ṣíbí àti fọ́ọ̀kì wà; páálí tí a ká bò ó lẹ́nu ti tó bí kò bá ní àpò. Ẹni tó bá ń gbé e bọ̀ láti òkè òkun gbọ́dọ̀ fi í sínú àpótí ńlá tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, torí pé wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá rí i nínú báàgì ọwọ́.

Tí ó bá dé, kí ẹ tó fi gé ohunkóhun, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná. Ẹnu tó dára kò ní tàn padà sí ojú. Ibi tó bá ń dán wíńníwíńní ni ibi tí kò mú tàbí tó ti ya. Ẹ wo bó ṣe tọ́ sí, ẹ yẹ ìdí èèkù wò, ẹ fi orúkọ irin tó wà lára rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ nígbà tí ẹ sanwó. Bí nǹkan kan kò bá bára mu, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí olùtajà kí ọ̀bẹ náà tó kan tòmátì àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba ọ̀bẹ tí wọ́n ti lò padà.